Ohun Tí Ayẹ̀jẹ̀wò Kò Sọ

Aránṣọ kan wà tí kì í ṣi ìwọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń rán kọ́tìnì fún ilé ìwé, ilé ìjọsìn àti ọ́fíìsì, kò sì sí fèrèsé tó tíì dójú tì í rí. Bó bá ti na téèpù lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ìdí nìyí tó fi ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ tó wọ ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, tó wọn fèrèsé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì bára mu.

Ọkùnrin tó jókòó sídìí fèrèsé náà ló fà á. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni, Ayẹ̀jẹ̀wò sì ni ọkùnrin náà, ó gbé ojú lé awò tó fi ń wo ẹ̀jẹ̀. Aránṣọ gun àga láti na téèpù, òjìji rẹ̀ bá bo iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kàn ní kí wọ́n jọ̀wọ́ sún díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lòun ń lò. Aránṣọ dá a lóhùn pé fèrèsé ni wọ́n ní kí òun wá wọ̀n, wọn ò sọ fún òun pé ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ti ní ẹni tó ni ín.

Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè, tó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni mò ń wò, ìyá rẹ̀ sì ń dúró níta. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, màá bá yín di àga mú."

Aránṣọ sọ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún di mẹ́wàá, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wo ẹ̀yìn ọrùn ẹni ẹlẹ́ni bí ẹni tó fẹ́ rán kọ́là sí i. Nígbà tí ọkùnrin náà parí, ó kọ èsì, ó fi sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì gbé e lọ fún dókítà. Ìyá ọmọ náà dì í mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn mi orí lásán. Ojú Ayẹ̀jẹ̀wò dà bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn: kò sí ayọ̀ níbẹ̀, kò sí ìbànújẹ́. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé dókítà á pè é láìpẹ́. Nígbà tó padà wọlé, Aránṣọ bi í bóyá ara ọmọ náà dá. Ó ní ohun tó bá wọ yàrá yìí, inú rẹ̀ ló ń gbé. Lẹ́yìn náà ló di àga mú gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí, ìṣirò sì fò lọ lórí Aránṣọ.

Kọ́tìnì náà kúrú. Ó mú un lọ, ó rán òmíràn, ìyẹn náà tún gùn jù. Nígbà kẹta tó dé pẹ̀lú téèpù rẹ̀, Ayẹ̀jẹ̀wò fara ti tábìlì, ó wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ṣé fèrèsé yìí ló ń dàgbà ni, àbí ẹ kàn fẹ́ràn ilé ìwòsàn?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti kó sínú ìfẹ́ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn láti ilé ìwòsàn dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń pe ara wọn ní "ẹ" bí àwọn àlejò. Ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe fẹ́ sọdá títì, Ayẹ̀jẹ̀wò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Dúró, má tíì sọdá." Ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n "ẹ" ti di "o". Mọ́tò kọjá, Aránṣọ ò rí mọ́tò. Gbogbo ọjọ́ kejì ló fi ń rán aṣọ tó ń dá rẹ́rìn-ín, tí àwọn tó wá gba aṣọ fi ń bi í bóyá wọ́n ti bá a dájọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà ò lè pẹ́ ní kọ̀rọ̀, torí Àǹtí Kíákíá wà láyé. Àbúrò bàbá Aránṣọ ni, ẹni tó ti lọ síbi ìgbéyàwó rí tó fi ọjọ́ kan ṣáájú ìyàwó débẹ̀. Bó ṣe gbọ́ fìrí, ó dìde, ó lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú òwú lórí ìka.

"Ó ń gbàdúrà sínú kó tó gún èèyàn lábẹ́rẹ́," Àǹtí ròyìn. "Mo rí ètè rẹ̀. Kò sì dùn mí. Ó mọ Ọlọ́run, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. Kí lo tún ń wá?"

Èyí tó kù ni Bàbá. Awakọ̀ ojú irin ni Bàbá, ọdún kan lé lọ́gbọ̀n lórí irin, ọkùnrin tó fi ìṣẹ́jú wọn ohun gbogbo láyé. Òun ti fojú sí ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ kan tó kọ́ níṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó bi Àǹtí pé ọkùnrin tó ń fi gbogbo ọjọ́ wo ohun tí ojú lásán ò lè rí, ṣé ó máa ráyè rí ìyàwó tó jókòó ti í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àǹtí fi lọ tó fi bọ̀. Níkẹyìn Bàbá ní kí ọmọkùnrin náà wá ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan, Ayẹ̀jẹ̀wò ti wà lẹ́nu géètì, kò sì kanlẹ̀kùn títí aago fi lù. Bàbá ń fi aago ọwọ́ rẹ̀ ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ó kúrò níbẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wọlé." Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti mú ọjọ́ tí ìdílé méjèèjì máa jókòó pọ̀.

Inú Aránṣọ ò gba ara rẹ̀ mọ́. Ó ra aṣọ funfun, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù, lójoojúmọ́ ló sì ń ṣílẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù láti wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Sọ́ńdè kan lẹ́yìn ìsìn, Ayẹ̀jẹ̀wò wá kí wọn. Aránṣọ ń po tíì fún Bàbá, ó ti bu ṣúgà kejì, ó ń bu ìkẹta. Ayẹ̀jẹ̀wò na ọwọ́, ó rọra sún agolo ṣúgà sí òdìkejì tábìlì, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ nípa ìwàásù àárọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá wò ó fín-ín-fín. Ìyá Aránṣọ náà wò ó. Ní ti Aránṣọ, ó rò pé ọkọ òun lọ́la kì í jẹ adùn ni, ó sì pinnu lọ́kàn pé òun á kọ́ ọ.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn rẹ̀, Bàbá wọlé ní ọ̀sán gangan. Kò sẹ́ni tó rí Bàbá nílé lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ rí. Ó bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti òkú.

Ẹnìkan ti kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì rélùwéè, láìfi orúkọ sí i, pé àìsàn ìtọ̀ ṣúgà wà lára awakọ̀ yìí, pé ojú rẹ̀ ń ṣú, pé kí wọ́n gbà á lórí ọkọ̀ kó tó gbé èrò lu èrò. Dókítà rélùwéè yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni. Wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bàbá jẹ́wọ́ fún wọn nílé lọ́jọ́ náà pé òun ti lọ ṣe àyẹ̀wò ní ìdákọ́ńkọ́ ní ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀, torí òùngbẹ tó ń gbẹ òun. Òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ìyàwó òun.

"Dókítà tó rí mi ti rin ìrìn-àjò kí lẹ́tà yẹn tó dé," ó ní. "Ẹnìkan ló kù tó mọ̀. Ẹ pè é wá."

Ayẹ̀jẹ̀wò dé lásìkò tí wọ́n dá fún un. Kò sẹ́ni tó fi àga lọ̀ ọ́. Bàbá jókòó, Ìyá jókòó tì í, Àǹtí Kíákíá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ara rẹ̀ rọlẹ̀. Aránṣọ dúró sẹ́yìn àga ìyá rẹ̀, ó di àga náà mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Ṣé ìwọ lo kọ lẹ́tà yẹn?" Bàbá bi í.

"Rárá, sà."

"Ǹjẹ́ o sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Aránṣọ ń bẹ Ayẹ̀jẹ̀wò nínú ọkàn rẹ̀ pé kó tètè ní rárá, kó jọ̀ọ́ ní rárá.

"N kò fẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, sà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí mo wá, mo sún ṣúgà kúrò níwájú yín. Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ni. Ọwọ́ mi ló sọ ọ́. Kò yẹ kí n ṣe é. Ẹ foríjì mí."

Àǹtí Kíákíá fọwọ́ bojú. Ọkùnrin náà ti fa okùn lé ẹni tó fẹ́ dè é lọ́wọ́.

"Mo rí i lọ́jọ́ yẹn," Bàbá ní. "Ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ ọ́ nílé mi, kí ló ní kó má fi bírò sọ ọ́ níta? Ó dáa. Tí kì í bá ṣe ìwọ, ǹjẹ́ o mọ ẹni tó kọ ọ́?"

"Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ta ni?"

"N kò ní sọ, sà."

Ìyá dìde, ó ní omi wà lórí iná, ó wọ kíṣìnì lọ. Bàbá nawọ́ sí ìlẹ̀kùn. Ó ní kó lọ, kó má sì fẹsẹ̀ kan ilé òun mọ́ títí ayé. Ayẹ̀jẹ̀wò dọ̀bálẹ̀ kí i, ó wo Aránṣọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jáde.

Bàbá ò fi mọ síbẹ̀. Ó kọ̀wé ẹ̀sùn sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí Ayẹ̀jẹ̀wò lọ jókòó sílé ná, pé ìgbìmọ̀ máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Tí ẹ̀bi bá jẹ́ tirẹ̀, wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò mọ́ láyé. Ní ilé ìjọsìn, ọ̀rọ̀ náà so ewé, ó tún so èso. Kó tó di Sọ́ńdè kejì, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ó ń ka èsì àyẹ̀wò àwọn èèyàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń kí Aránṣọ kú oríire lóṣù tó kọjá wá ń kí i kú àforítì.

Ohun tó sì dùn ún jù ni pé òun náà ń ṣiyèméjì. Lówùúrọ̀, á sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí kò jẹ́ mi orí fún ìyá ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ò lè ṣe irú èyí. Tó bá di ọ̀sán, á rántí ọwọ́ tó sún ṣúgà. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ẹni tó ń tan òun? Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wà bẹ́ẹ̀, kó tó mú bàtà rẹ̀ wọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó lọ bá a.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá a, ó ń fọ kóòtù funfun tí wọn ò jẹ́ kó wọ̀ mọ́. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ débi pé ó gbàgbé láti nu ọṣẹ kúrò lápá. Aránṣọ ti pinnu pé òun á fara balẹ̀. Kò fara balẹ̀.

"Sọ ọ́ fún mi," ó ní. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè é ní "o", ìbínú ló sì fà á. "Èmi nìkan. Màá gbé e mì."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Èmi náà?"

"Tí mo bá torí ìfẹ́ sọ àṣírí ẹlòmíràn fún ẹ lónìí, lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá ní àṣírí, ta ni màá tún torí ìfẹ́ sọ ọ́ fún?"

Aránṣọ bi í bóyá ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà á ni.

"Ó ń bà mí," Ayẹ̀jẹ̀wò ní. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé mi, mi ò tíì jẹ oúnjẹ tán nínú àwo. Mo ń gbàdúrà, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé Ọmọ Rẹ̀ náà dákẹ́ níwájú àwọn tó purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe Ọmọ Rẹ̀ yẹn, kó jọ̀ọ́ ràn mí lọ́wọ́. Bá mi gbàdúrà. Bá ẹni tó kọ lẹ́tà náà gbàdúrà pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé kò lè máa sùn dáadáa."

Aránṣọ padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìbínú àti ìfẹ́ tí wọ́n jọ ń ja ìjàkadì láyà rẹ̀, tí kò mọ èyí tí yóò dá èkejì. Ibẹ̀ ni Àǹtí Kíákíá bá a, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní òun lọ gba èsì ẹ̀jẹ̀ òun, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ dídùn wádìí lẹ́nu akọ̀wé tó ń gba àlejò. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láàánú Ayẹ̀jẹ̀wò. Ó ní òun á kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé kò wá rárá lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Bàbá wò, ọ̀rọ̀ á sì pin síbẹ̀. Bírò ló kù kó fi kàn án.

"Ayẹ̀jẹ̀wò ní rárá," Àǹtí sọ. "Ó ní, 'Mo wá lọ́jọ́ náà. Má purọ́ nítorí mi.' Èmi ò rí irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ mi. Má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

Aránṣọ rò ó wò. Ṣé ọkùnrin tí wọ́n fi irọ́ ọ̀fẹ́ lọ̀, tó kọ̀ ọ́, ló máa wá jókòó níwájú bàbá òun tó ń purọ́? Wọ́n bi í bóyá ó sọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ ṣúgà síta, nígbà tí kò sẹ́ni tó bi í. Òpùrọ́ kì í fi ara rẹ̀ sùn. Ó dìde, ó rìn yí ká ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mejì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, Àǹtí sì ń rìn tẹ̀ lé e láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ.

Ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà bá Bàbá sọ ọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ máa jókòó. Bàbá ń lọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ tó fẹ́ wọ̀ lọ jẹ́rìí, Ìyá ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí Àǹtí gbọ́, ó sì ní òun gba Ayẹ̀jẹ̀wò gbọ́, pé bí Bàbá bá tilẹ̀ ní kí òun má fẹ́ ẹ, òun ò ní fẹ́ ẹ láìgbàṣẹ, ṣùgbọ́n òun ò ní pe olóòótọ́ ní òpùrọ́. Áyọ́ọ̀nù Bàbá ń lọ, ó ń bọ̀.

Ìyá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó gbé e nàró, òun náà sì kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó ní.

Ìyá ò gbé ojú sókè. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rí ọwọ́ tó sún ṣúgà ni òun ti fura sí àìsàn náà, òun sì wá rí ìwé àyẹ̀wò nínú àpò ṣòkòtò tí òun fẹ́ fọ̀. Òun gbé e lọ bá Ayẹ̀jẹ̀wò kó bá òun túmọ̀ rẹ̀, kò gbà. Ó ní ọkọ òun ló ni ìwé náà, ọkọ òun ni kí òun bi. Òun ní ọkọ òun ò ní gbọ́, pé ọ́fíìsì rẹ̀ lòun máa kọ̀wé sí. Ayẹ̀jẹ̀wò bẹ òun, ó ní kí òun bá ọkọ òun sọ̀rọ̀ ná. Òun ò lè ṣe é.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan lẹ ṣi àtẹ̀gùn ilé ara yín gùn," ó sọ, "irinwó èèyàn lẹ sì ń gbé. Tí mo bá ti gbọ́ fèrè ọkọ̀, mo máa ń gbàdúrà títí ẹ fi délé. Ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ ń bi ọmọ ọlọ́mọ, mo sá wọ kíṣìnì. Ó rí mi bí mo ṣe dìde. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn mi, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ lé ojú rẹ̀."

Aránṣọ rò pé òrùlé á wó. Bàbá jókòó. Ọmọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Tí awakọ̀ bá kọjá iná pupa, tí ẹnikẹ́ni ò rí i, kí ló yẹ kó ṣe?"

Láti kékeré ni Aránṣọ ti mọ ìdáhùn yẹn. "Á dá ọkọ̀ dúró, Bàbá mi. Á sì fi ara rẹ̀ sùn."

"Mo ti kọjá iná pupa láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," Bàbá ní. "Ká má tíì sọ ti èyí tí mo fi àìsàn gun orí ọkọ̀." Ó fa ìyàwó rẹ̀ dìde. "O fẹ́ kí n wà láàyè. Èmi ni mi ò jẹ́ kó ṣeé sọ fún mi. Ẹ wọ bàtà. Ìgbìmọ̀ á ti máa jókòó."

Aránṣọ àti Àǹtí Kíákíá ò láṣẹ láti wọlé, nítorí náà ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wò, Àǹtí sì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Bàbá dìde, ó ní ẹ̀sùn tí òun fi kan ọkùnrin yìí kì í ṣe òótọ́, òun gbà á padà, òun sì wá tọrọ àforíjì. Ó ti ní kí Ìyá jókòó, kí òun nìkan gbé e, ṣùgbọ́n Ìyá dìde, ó sọ tẹnu rẹ̀ láìfi ohunkóhun pa mọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn. Alága ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí Ayẹ̀jẹ̀wò padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó bi wọ́n bóyá ohun kan tún wà. Ayẹ̀jẹ̀wò bá nawọ́ sókè.

"Jésù," Àǹtí Kíákíá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó fẹ́ sọ ti ṣúgà."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Alága fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀ kan, ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dúpẹ́.

Níta, Ìyá kọ́kọ́ lọ bá a. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, Ayẹ̀jẹ̀wò sì ní kó má wulẹ̀ sọ ọ́, pé láti ọjọ́ náà ni òun ti dárí jì í, ó kàn gba àdúrà díẹ̀ ni. Bàbá wá sún mọ́ wọn.

"Mo ní kí o má fẹsẹ̀ kan ilé mi mọ́," ó ní. "Mo gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀la, aago mẹ́rin."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọmọ yín bóyá ó ṣì fẹ́ mi."

Ó kọjú sí Aránṣọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Aránṣọ ti tò sílẹ̀ lọ́kàn fò lọ. Ohun tó kù níbẹ̀ ni òótọ́, ó sì mọ̀ pé ẹni tó dúró níwájú òun yìí, òótọ́ nìkan ló tó o.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiyèméjì," ó ní.

"Mo mọ̀. Mo kà wọ́n."

"Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn gan-an, mo ṣì fẹ́ ẹ. Ní báyìí tí mo wá gbà ẹ́ gbọ́, kí lo rò?"

Àǹtí Kíákíá ti ń sáré lọ sọ fún Pásítọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó. Ọ́fíìsì rélùwéè ti fi Bàbá sí ibi tó ti ń kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Ilé ìjọsìn kún fọ́fọ́, torí àwọn tó gbé ìtàn náà kiri wá wò ó bóyá ó máa parí síbẹ̀. Aránṣọ dúró nínú aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Pásítọ̀ bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tó ní ohun kan láti sọ lòdì sí àwọn méjèèjì, kó sọ ọ́ nísinsìnyí.

Bàbá dìde.

Ẹ̀rù ba gbogbo ilé. Nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ayẹ̀jẹ̀wò ò mira, ṣùgbọ́n Aránṣọ rí i pé ó ti di ojú rẹ̀.

"Mo ti sọ ohun kan lòdì sí ọmọkùnrin yìí rí," Bàbá ní, "púpọ̀ nínú yín sì gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn, àmọ́ ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ irọ́ náà lẹ́nu mi, ẹ wá gbọ́ èyí lẹ́nu mi pẹ̀lú: ọmọ mi ni, mi ò sì mọ olóòótọ́ tó jù ú lọ."

Ó jókòó. Ìyá gba ọwọ́ rẹ̀ mú. Pásítọ̀ wá ojú ìwé tó ń kà, kò rí i, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó wá ní kí àwọn tẹ̀ síwájú sí ìbéèrè tó kàn, ti ìyàwó.

Kò tíì bèèrè tán tí Aránṣọ fi ní bẹ́ẹ̀ ni.